Ìnilára Tí Ń Gbé Inú Ìwé: Ìtàn Àwọn Dókítà Wa Títí Dé Ìdí-Àràbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìṣàgá kọjá ní Ìdí-Àràbà lówùúrọ̀, tí ó dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní LUTH, yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wọ ẹ̀wù funfun, tí wọ́n ń yára wọlé bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Dúdú ni wọ́n. Dúdú ni àwọn ọ̀gá wọn. Dúdú sì ni ẹni tí ó jẹ́ olórí gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ó dúró wò wọ́n nítorí èyí, nítorí ohun tí ojú bá ti mọ́ kì í yani lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà, kò sì jìnnà púpọ̀, tí ìwé ìjọba sọ ọ́ láìfi bò pé ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ òyìnbó kò lè wọ inú ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba.

Ìtàn ìgbà náà ni mo fẹ́ sọ. Àdúgbò yìí ni ilé wa wà, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Èdè ni mo ń kọ́. Ẹ lè bi mí pé kí ni ti ọmọ èdè nínú ọ̀rọ̀ dókítà. Èsì mi ni pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi dè wọ́n, ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń kọ́ nípa ọ̀rọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wo ìdè náà wò.

Bí a bá dárúkọ ìnilára, ohun tí ó máa ń sáré wá sí ọkàn ènìyàn ni pàṣán, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ọba burúkú tí ó ń gba oko olóko. Irú ìnilára bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti dá mọ̀, nítorí ó ní ojú, ó sì ní orúkọ. Nígbà tí ó bá sú ìlú, wọn a ṣí igbá fún irú ọba bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn a sì tán. Ṣùgbọ́n oríṣi kejì wà tí kò mú pàṣán lọ́wọ́. Inú ìwé ni ó ń gbé. Ẹni tí ó ń mú un ṣẹ lè jẹ́ ọmọlúàbí tí ó mọ ènìyàn í kí, tí kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Bí a bá bi í léèrè, yóò na ìwé sí wa, yóò ní, "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí." A kò sì lè ṣí igbá fún ìwé. Ìdí nìyí tí irú ìnilára yìí fi ń pẹ́ lọ́rùn ènìyàn kí ó tó mọ̀ pé àjàgà ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Sierra Leone, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà wa àkọ́kọ́ ti wá. Ní 1855 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Freetown, wọ́n rán wọn lọ sí ìlú òyìnbó láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, kí wọ́n lè padà wá tọ́jú àwọn ọmọ ogun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ibà ti ń pa òyìnbó bí ẹni ń pa eṣinṣin. Ọ̀kan kú nínú wọn. Àwọn méjì yege: James Africanus Horton, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, àti William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Horton gba oyè ní Edinburgh ní 1859. Ní 1868 ó kọ ìwé ńlá kan láti fi já irọ́ àwọn tí ń sọ pé ọpọlọ ènìyàn dúdú kò tó ti funfun. Lẹ́yìn wọn ni John Farrell Easmon dé, ọmọ Freetown kan náà, tí ó di olórí gbogbo dókítà ìjọba ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ní 1893. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ọdún yẹn. Ní 1893 dúdú ni olórí, òyìnbó sì wà lábẹ́ rẹ̀, ojú ọ̀run kò sì ya lulẹ̀. Ní 1897 wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ipò náà.

Ní Èkó níhìn-ín pẹ̀lú, àwọn tiwa kò gbẹ́yìn. Nathaniel King ti ń ṣe ìtọ́jú aláìsàn kí ó tó kú ní 1884. Obadiah Johnson wà, ẹni tí ó tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Samuel Johnson kọ tò nígbà tí àkọ́kọ́ sọnù, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. John Randle wà, tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní Edinburgh. Ògúntólá Sàpárà wà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Freetown ní 1861, tí wọ́n sọ ní Alexander Johnson Williams. Ní 1895 ó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù tí kò bá a mu. Gbogbo wọn ni wọ́n ti jókòó nínú yàrá ìdánwò kan náà pẹ̀lú òyìnbó, tí olùkọ́ kan náà sì ti fún wọn ní máàkì.

Ní 1902, nígbà tí Joseph Chamberlain jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ìjọba da àwọn dókítà rẹ̀ ní Gambia, Sierra Leone, Gold Coast, Èkó, àti Nàìjíríà ti Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì pè é ní West African Medical Staff. Bí a bá gbọ́ ọ lókèèrè, ètò rere ni. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà: ẹni tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ tí òyìnbó bí. Ìlà kan yìí ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́. Wọ́n kó àwọn dókítà dúdú sí ìwé ọ̀tọ̀, wọ́n dín owó oṣù wọn kù sí ti òyìnbó, wọ́n sì fi wọ́n sábẹ́ gbogbo òyìnbó nínú iṣẹ́ náà. Ọmọdékùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lánàá di ọ̀gá lórí ẹni tí ó ti ń wo ibà sàn láti ìgbà tí ọmọ náà wà ní ilé ìwé. Ní 1909 ìgbìmọ̀ kan tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì ní kí ó wà bẹ́ẹ̀, nítorí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, àwọn òyìnbó kò ní lè fọkàn tán dókítà dúdú.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "A kórìíra wọn." Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni wọ́n lò. Wọ́n pe dókítà tiwa ní native, èyí tí ó túmọ̀ sí ọmọ ilẹ̀. Ní èdè Yorùbá, ọmọ onílẹ̀ ni ẹni tí àlejò ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ rí ní Èkó kò ní bá mi jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n nínú èdè ìwé ìjọba, ọmọ onílẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn àlejò. Láti ìgbà tí mo ti rí èyí ni n kò ti lè ka ìwé òfin kan, ti àtijọ́ tàbí ti ìsinsìnyí, láìbéèrè pé ta ni ọ̀rọ̀ yìí gbé ga, ta ni ó rẹ̀ sílẹ̀.

Báwo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe kojú rẹ̀? Níbí ni ẹ̀kọ́ tí ó wú mi lórí jù wà. Bí a bá tò wọ́n tẹ̀léra, a ó rí i pé bí ọgbọ́n wọn ti ń dàgbà ni ìjà wọn ń dàgbà.

Ìjà tí ó kọ́kọ́ wà ni ìjà ẹnìkan fún ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí Randle bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba tí òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi jà lórí iṣẹ́ àti owó rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí ìtàn rẹ̀ bá parí síbẹ̀, à bá kàn sọ pé ó bínú, ó lọ. Ṣùgbọ́n ní 1908, nígbà tí ìjọba fẹ́ kí àwọn ará Èkó máa san owó omi ẹ̀rọ, Randle àti Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó náà. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí owó oṣù ara rẹ̀ ti wá dé orí ìkòkò omi aládùúgbò rẹ̀. Ọwọ́ kan náà tí ó kọ iye owó oṣù dókítà ni ó kọ iye owó omi. Ẹni tí ó bá ti dá ọwọ́ náà mọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ibi gbogbo ni yóò ti máa rí i.

Sàpárà ní tirẹ̀ dúró sínú iṣẹ́ ìjọba títí di 1928, ó sì fi hàn pé ojú tí ó mọ ìnilára kì í wo òde nìkan. Nígbà ayé rẹ̀, àwọn abọrẹ̀ kan wà tí wọ́n sọ àrùn ṣọ̀pọ̀ná di òwò: ẹrù ẹni tí àrùn náà bá pa, tiwọn ni. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí orúkọ òrìṣà ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Sàpárà wọ inú awo wọn ní ìkọ̀kọ̀, ó mọ bí wọ́n ti ń tan àrùn náà kálẹ̀, ó sì tú u fó. Ohun tí ó rí kò jìnnà sí ti 1902: àṣẹ kan wà tí a kò gbọdọ̀ bi léèrè, èrè rẹ̀ sì ń lọ sí apá kan.

Àwọn mìíràn kọ́ ọ láti ìran dé ìran. Dókítà Richard Akínwándé Savage, tí ó gba oyè ní Edinburgh, wà lára àwọn tí wọ́n dá National Congress of British West Africa sílẹ̀ ní 1920. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Agnes Yéwándé Savage, gba oyè ìṣègùn ní Edinburgh kan náà ní 1929, òun sì ni obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dé Gold Coast láti ṣiṣẹ́, ipò kékeré ni wọ́n fún un, owó rẹ̀ kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti òyìnbó. Bàbá lọ, ọmọ dé, ìwé kan náà ni wọ́n bá lórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo rò pé ó gun òkè ọgbọ́n yìí jù ni Dókítà James Churchill Vaughan. Láti 1930 ìjọba ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ìṣègùn ní Yábàá, ní 19 January 1934 sì ni wọ́n ṣí Yaba Higher College, tí ìṣègùn wà lára iṣẹ́ tí à ń kọ́ níbẹ̀. Ilé ìwé gíga ni, inú ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kà á dáadáa rí i pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe oyè yunifásítì, pé kò níyì kọjá Nàìjíríà, àti pé igbákejì dókítà ni ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ yóò jẹ́. Ìlà 1902 ni ó tún padà wọlé, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Nígbà àtijọ́ wọ́n ní, "O kàwé, ṣùgbọ́n o kì í ṣe òyìnbó." Ní báyìí wọ́n fún ọmọ náà ní ìwé tí kò pé, kí wọ́n lè sọ fún un lọ́la pé, "Ìwé rẹ kò pé." Èyí tilẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹni tí a ṣe é sí yóò gbà pé ẹ̀bi òun ni.

Vaughan ti gba oyè tirẹ̀ ní Glasgow láti 1918. Kò sí ohun tí Yábàá lè mú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, òun, Ernest Ìkọ́lì, Samuel Akínsànyà àti H. O. Davies ni wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934, ọ̀rọ̀ Yábàá yìí sì ni ó gbé ẹgbẹ́ náà dìde. Ní 1936 wọ́n sọ ọ́ di Nigerian Youth Movement. Vaughan kú ní 1937, ṣùgbọ́n ní 1938 ẹgbẹ́ náà borí nínú ìdìbò Èkó. Randle bẹ̀rẹ̀ láti orí ara rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Vaughan bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ọmọ tí kò tíì bí, tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn.

Ìyókù ìtàn náà yára. Ní 1946 Kofoworọ́lá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó ṣe nọ́ọ̀sì, lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London. Aláìsàn kan níbẹ̀ kọ̀ kí ó fọwọ́ kan òun nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó yege, ó padà wálé ní 1954, ó sì di mátírọ́nì ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní UCH Ìbàdàn. Ní 1947 hótéẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ará Sierra Leone. Gbogbo Èkó gbóná, kò sì pẹ́ tí Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò, títí kan ilé ìwòsàn. Ní 1948 Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yábàá sì kó lọ síbẹ̀. Ní 1962 Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀, a sì gbé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ kalẹ̀ sí Ìdí-Àràbà, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Nàìjíríà, Oríṣẹjọlómì Thomas, sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ìlà kan ní 1902 dé ẹnu géètì yìí, ọgọ́ta ọdún gbáko ni.

Ǹjẹ́ ó ti tán bí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Mo tẹ̀lé ìyá àgbà kan ní ilé kejì sí wa lọ gba ìtọ́jú. Òṣìṣẹ́ tí ó jókòó sídìí tábìlì jẹ́ ọmọ Yorùbá bí tiwa, ó sì kúnlẹ̀ kí ìyá náà dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó ti ṣí ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń bi í ní ìbéèrè. Ìyá ní, "Ọmọ mi, òòyì ń kọ́ mi, ẹ̀dọ̀ sì ń rìn mí, àyà mi a sì máa já lóru." Àrùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìyá kà sílẹ̀ yìí. Mo na ọrùn wo ohun tí wọ́n kọ: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan péré, tí ó túmọ̀ sí pé ó rẹ ìyá.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ṣé ẹ kò lè bi wọ́n ní Yorùbá, kí ẹ sì kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì sí ìkà nínú ẹ̀rín náà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, àyè kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìwé. Bí wọ́n ṣe ní kí a máa kọ ọ́ nìyẹn."

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti bá a pàdé nínú ìtàn. Kò sí òyìnbó kankan nínú ilé náà, kò sì sí ẹni tí ó kórìíra ìyá. Ìwé ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti di native nínú ìlú tirẹ̀, àwa tí a gbọ́ ọ ni a sì ń tẹ òǹtẹ̀ lé e. N kò sọ pé Yorùbá nìkan ni ó tọ́ sí: ní Mushin àti Ìdí-Àràbà, Haúsá ń ṣàìsàn, Ìgbò ń ṣàìsàn, Ègùn náà ń ṣàìsàn, olúkúlùkù ní bí ara ti ń ro ó ní èdè rẹ̀.

Mo padà sílé, mo kọ ogún ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi aláìsàn ní Yorùbá tí ó já gaara, mo fi àmì ohùn sí i, mo sì to oríṣi àárẹ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: òòyì, ẹ̀dọ̀ rírìn, àyà jíjá, ara ríro, ẹsẹ̀ títa. Mo mú un lọ fún ọ̀gá ibẹ̀. Ó ní òun yóò wò ó. Nígbà tí mo padà lọ, ìwé tiwọn kò yí padà, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn nọ́ọ̀sì ti dà á kọ, wọ́n sì ń fi bi àwọn àgbàlagbà ní ìbéèrè. Ohun kékeré ni. Mo mọ̀ pé àwọn tí ó ṣáájú wa lo ọgọ́ta ọdún lórí ìlà kan.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, tótó ó ṣe bí òwe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a ó di dókítà, adájọ́, akọ̀wé àgbà, olórí ilé ìwé. Àwa ni a ó máa kọ ìwé tí àwọn ẹlòmíràn yóò máa na sí ènìyàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ láti máa ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kíní pẹ̀lú ojú ẹni tí ó kọ ọ́, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ojú ẹni tí yóò dúró níwájú tábìlì. Wọ́n ní kí àràbà wó, àràbà kò wó, ojú ti ìrókò. Àràbà àwọn Randle, Sàpárà àti Vaughan kò wó. Abẹ́ rẹ̀ ni a jókòó sí lónìí. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá òjìji wa kò ti bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀.